Àwẹ̀ró àti Òkè Oníbèérè

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"N ò gbọ́ ohùn Kóyejọ. Ṣé ó ti sùn ni? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ìyá Àgbà, kò sùn o," ni Tinúadé wí. "Ìdánwò ló ń bà á lẹ́rù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe é nílé ìwé. Kò tilẹ̀ jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán."

"Èmi ni mo bá a jẹ ẹ́ tán," ni Àtàndá wí.

"Ìwọ, mo mọ̀. Ta ló bi ọ́? Kóyejọ, sún mọ́ mi níbí. Ẹ̀rù kì í ṣe ohun ìtìjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ alẹ́. Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ó dá lórí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Àgbò, ó sì dá lórí òkè kan tó ń sọ̀rọ̀."

"Òkè tó ń sọ̀rọ̀ kẹ̀?"

"Ẹ fi etí sílẹ̀."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń pọn omi nínú odò kan náà, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìtòrò. Ilé ìwé kan ṣoṣo ló wà ní Ìtòrò, abẹ́ igi agbálùmọ̀ ló sì wà. Ọmọ ènìyàn ń lọ síbẹ̀. Ọmọ Ẹkùn ń lọ síbẹ̀. Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ń lọ síbẹ̀. Ọmọ Ìgbín náà ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tó bá fi máa dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti máa palẹ̀ mọ́ láti relé.

Lẹ́yìn ìlú náà ni òkè kan wà. Ẹ má rò pé òkè kékeré ni o. Bí o bá dúró ní ẹsẹ̀ rẹ̀, o ò lè rí orí rẹ̀. Ìkùukùu ló fi wé gèlè. Òjò a máa rọ̀ ní ìdí rẹ̀, kí oòrùn sì máa ràn ní èjìká rẹ̀ lákòókò kan náà. Òkè Oníbèérè ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, òkè yìí a máa la ẹnu. A máa pe àwọn ọmọ ilé ìwé Ìtòrò lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. A bi ọmọ ní ìbéèrè kan. Bí ọmọ bá dáhùn, àpáta á pín sí méjì, ọ̀nà á là, ọmọ á gba àárín rẹ̀ kọjá sí òdìkejì. Òdìkejì yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ni ní gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní Ìtòrò: bí a ṣe ń to eegun tó ṣẹ́, bí a ṣe ń fi òkúta ṣe afárá lórí odò, bí a ṣe ń fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà ilé.

Bí ọmọ kò bá wá dáhùn ńkọ́?

"Òkè á gbé e mì!" ni Àtàndá pariwo.

"Kò ní gbé e mì. Á kàn dákẹ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì burú ju kó gbé e mì lọ."

Ọmọ tó bá kùnà lè padà wá ní ọdún kejì. Bó bá tún kùnà, ó parí nìyẹn. Wọn kò ní mú un lọ síwájú òkè mọ́ títí ayé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìtòrò nìyẹn.

Àwẹ̀ró ti kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìkẹyìn rẹ̀.

Ohun tí Àwẹ̀ró sì ń fẹ́ kò pọ̀. Ìyá rẹ̀, opó ni, ṣubú nígbà kan, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń to eegun ní Ìtòrò, nítorí náà ọwọ́ náà san ní wíwọ́. Ìyá kò lè fún aṣọ mọ́. Kò lè ro ọkà. Àwẹ̀ró a máa wo ọwọ́ yẹn, a máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Èmi á gba inú òkè yẹn kọjá. Èmi á kọ́ bí a ṣe ń to eegun. Kò ní sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí yóò tún san ní wíwọ́ nílùú yìí."

Olùkọ́ wọn ni Àgbò. Ìwo rẹ̀ ká kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, pàṣán rẹ̀ sì gùn ju irùngbọ̀n lọ. Bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Àgbò á já màrìwò, á ta á yí pápá ìṣeré ká. Àlè nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣeré, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín, nítorí pé Òkè Oníbèérè kórìíra ẹ̀rín.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Tinúadé béèrè.

"Wọ́n ní. Ṣé o ò mọ 'Wọ́n ní' ni? 'Wọ́n ní' ló ń jẹ baálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú."

Lẹ́yìn náà, Àgbò á to àwọn ọmọ sí orí ìlà. Ọmọ Ẹkùn ló ń wà níwájú pátápátá, nítorí pé ohùn rẹ̀ ń dún, àti nítorí pé gbogbo ìlú ló ń bẹ̀rù baba rẹ̀. Àgbò á fún un ní ìdáhùn tirẹ̀. Á fún ẹni tó tẹ̀ lé e ní tirẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn kan.

"Níbo ni oòrùn ti ń yọ?"

"Ìlà-oòrùn!" ni Ọmọ Ẹkùn á ké.

"Ẹsẹ̀ mélòó ni aláǹtakùn ní?"

"Mẹ́jọ!" ni Ọmọ Ẹtu á ké.

"Kí ni gbòǹgbò ń ṣe fún igi?"

"Ó ń fa omi fún un!" ni ọmọ baálẹ̀ á ké.

Á máa lọ bẹ́ẹ̀ wéréwéré, láìdúró, láìkọsẹ̀. Àlejò tó bá ń kọjá lọ á dúró, á ya ẹnu. "Ẹ wo àwọn ọmọ! Ẹ wo ìmọ̀!" Àgbò á máa fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa kan ìrù ìlà, ìdáhùn á ti tán. Ìrù ìlà yẹn ni Àwẹ̀ró wà. Ọmọ Ìgbín wà níbẹ̀, Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ mìíràn tí kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù baba wọn. Iṣẹ́ tiwọn ni pé bí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, kí wọ́n jùmọ̀ pariwo pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, olùkọ́!"

Ìyẹn nìkan.

Lọ́dún tó ṣáájú, òkè pe Àwẹ̀ró. Ó ní, "Àwẹ̀ró, kí ló fà á tí òjò fi ń rọ̀?" Ẹ̀yin ọmọ, kí ni Àwẹ̀ró fi dá òkè lóhùn?

"Bẹ́ẹ̀ ni, olùkọ́!"

"Ẹ mà gbọ́n o! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wí. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí wọ́n fún un nìyẹn. Òkè dákẹ́. Àwọn èrò fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwẹ̀ró sì rìn padà sílé."

"Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ!" ni Kóyejọ wí. Ó ti jókòó dáadáa.

"Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, ọmọ mi. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sunkún. Inú ló ń bí i."

Ọdún yí po, ọyẹ́ ń bọ̀ lọ́nà, màrìwò tún yí pápá ká. Àgbò wo ìrù ìlà, ó ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, kí lẹ tún dúró ṣe? 'Bẹ́ẹ̀ ni' kò gba ìgbáradì. Ẹ lọ sí oko mi, ẹ lọ bó ẹ̀gúsí."

Wọ́n lọ. Wọ́n jókòó yí òkìtì ẹ̀gúsí ká. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń gbọ́ ohùn ìlà: Ìlà-oòrùn! Mẹ́jọ! Ó ń fa omi!

Àwẹ̀ró ju ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Àwọn ń kọ́ ẹ̀kọ́, àwa ń bó ẹ̀gúsí. Ìdánwò kan náà la jọ máa ṣe. Ṣé ó dọ́gba?"

"Kò dọ́gba," ni Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀gúsí yìí dùn." Ẹnu rẹ̀ ti kún.

"Mo... mọ... gbogbo... rẹ̀." Ọmọ Ìgbín ló sọ̀rọ̀.

"Gbogbo kí ni?"

"Gbogbo... ìdáhùn. Ẹni tí kò ní... tirẹ̀... ti gbogbo ènìyàn... ló ń gbọ́."

Wọ́n wo ara wọn. Òótọ́ ni! Àwọn tó wà níwájú, bí oníkálùkù bá ti ké tirẹ̀ tán, etí rẹ̀ á di. Ṣùgbọ́n ìrù ìlà ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lójoojúmọ́.

"Ó dáa," ni Àwẹ̀ró wí. "Kí ni gbòǹgbò ń ṣe fún igi?"

Ọmọ Ìgbín ronú. "Ìlà... oòrùn... Mẹ́... jọ..."

"Mi ò bi ọ́ níyẹn!"

"Má dá mi... lẹ́nu. Bí n ò bá bẹ̀rẹ̀... láti ìbẹ̀rẹ̀... n ò lè débẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́sẹ̀kan náà ni wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń wo ọ̀nà.

"Ẹ rọra, àlè wà!" ni Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

"Pápá ìṣeré ni màrìwò wà," ni Àwẹ̀ró fèsì. "N ò rí màrìwò kankan nínú oko ẹ̀gúsí."

Ó ṣa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ jọ, ó ká a róbótó, ó fi okùn dì í, ó di bọ́ọ̀lù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jókòó yíká, kì í ṣe lórí ìlà. Ẹni tí mo bá ju bọ́ọ̀lù sí á dáhùn ìbéèrè mi. Bó bá dáhùn tán, òun náà á bi ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni tó bá wù ú."

"Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ṣé á jáde?"

"Kò sẹ́ni tó ń jáde. Wọ́n ti lé wa jáde tó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á bọ́ sí àárín, gbogbo wa á kọ́ ọ títí á fi yé e. Òun náà ni yóò wá ju bọ́ọ̀lù tó kàn."

"Èmi ò... lọ́wọ́," ni Ọmọ Ìgbín wí.

"A máa yí tìrẹ sí ọ nílẹ̀ ni. A ó dúró."

Wọ́n sì ń kọrin bí bọ́ọ̀lù bá ti ń yí lọ sọ́dọ̀ Ọmọ Ìgbín. Ẹ bá mi gbè é. Tiyín ni "Rọra yí o."

*Ọ̀nà jìn, ọ̀nà jìn —*
*Rọra yí o.*
*Má kánjú, má ṣubú —*
*Rọra yí o.*
*Ẹgbẹ́ rẹ ń retí —*
*Rọra yí o.*
*Kò sẹ́ni tó ń jáde —*
*Rọra yí o.*

Ẹ wá wo nǹkan. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ Ọmọ Ìgbín, kí Ọmọ Ìgbín tó yọ orí, gbogbo wọn á ti máa wá ìdáhùn nínú ara wọn. Dídúró yẹn ló kọ́ wọn láti ronú. Wọ́n rò pé Ìgbín ni àwọn ń ṣàánú fún. Wọn ò mọ̀ pé Ìgbín ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù bá Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́. "Kí ló fà á tí òjò fi ń rọ̀?"

Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ wòkè, ó wolẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, olùkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó bọ́ sí àárín. Àwẹ̀ró fà á lọ sí ìdí iná tí wọ́n ti ń se iṣu. Ó ṣí ìdérí ìkòkò, ó gbé e sókè. Omi ń kán tó, tó, tó láti ara ìdérí.

"Ta ló bu omi síbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bu omi síbẹ̀," ni Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

"Omi ìsàlẹ̀ gbóná, ó di ooru, ó gòkè. Ó kan ìdérí, ó tutù, ó padà sílẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́, wo ojú ọ̀run."

Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ojú sókè. Ìkùukùu ń rìn lọ, ó funfun, ó ga, ó tẹ́ rẹrẹ kọjá ibi tí ojú lè dé. Ó dúró, ẹ̀gúsí bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó ní pẹ̀lú ohùn kékeré, "ṣé inú ìkòkò la wà ni?"

Gbogbo wọn gbé ojú sókè. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀run tí wọ́n ti ń rí láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Hìn-ín," ni Kóyejọ wí, ó gbé ojú sókè.

Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn tí pàṣán fi dún, fàì! Àgbò dé.

"Ẹ̀rín! Nínú oko mi! Nígbà àlè!"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dorí kodò. "Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́, ẹ̀kọ́ là ń kọ́."

"Ta ló ń fi eré kọ́ ẹ̀kọ́? Ẹ̀kọ́ dà bí ewúro. Kíkorò rẹ̀ ni oògùn rẹ̀!"

"A máa ń fọ ewúro, olùkọ́, ká tó sè é."

Àgbò gba bọ́ọ̀lù, ó fi ìwo tú u ká, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ́n sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ opó yìí! Òkè ti gbọ́ ẹ̀rín yín. Bí kò bá là lọ́dún yìí, orí yín ló wà."

"Olùkọ́, ìdáhùn wo lẹ fún wa rí?"

"Ó tó! Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ìrù ìlà tí n óò mú lọ síwájú òkè!"

Nígbà tí Àwẹ̀ró délé, ìyá rẹ̀ ń fi ọwọ́ kan ṣa ẹ̀wà. Àwẹ̀ró ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi náà dúró níwájú òkè rí."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyá mi?"

"Olùkọ́ mìíràn ni nígbà náà. Ìlà kan náà ni. Ìrù ni mo wà. Èmi náà wí pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni, olùkọ́.' Mo wí i lọ́dún kìíní, mo tún wí i lọ́dún kejì." Ó ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí Àgbò ò bá mú ọ lọ, ṣé n ò lẹ́sẹ̀ ni? Èmi á mú ọ lọ."

Ọjọ́ pé. Ọyẹ́ bo ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Gbogbo Ìtòrò dà jáde. Àgbò ń kó ìlà rẹ̀ lọ níwájú. Lẹ́yìn pátápátá ni ìyá Àwẹ̀ró ń bọ̀, ó gbé igbá sórí, Ọmọ Ìgbín wà nínú igbá, àwọn ọmọ ìrù ìlà sì ń rìn tẹ̀ lé e.

Wọ́n dé ìdí òkè. Ẹyẹ dákẹ́. Ewé kò mì. Ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún gbé ẹkún rẹ̀ mì. Ìkùukùu ṣí díẹ̀ lórí òkè, bí ẹni ń tú gèlè, òkè sì la ẹnu.

Ohùn náà kò dà bí àrá. Etí kọ́ lo fi ń gbọ́ ọ. Ilẹ̀ tí o dúró lé ló ń sọ̀rọ̀, ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ gòkè, títí ó fi dé àyà.

"ỌMỌ ẸKÙN."

Ọmọ Ẹkùn jáde.

"KÍ NI GBÒǸGBÒ Ń ṢE FÚN IGI?"

Ọmọ Ẹkùn bojú wẹ̀yìn. Ti ọmọ baálẹ̀ nìyẹn! Tirẹ̀ kọ́! "Ìlà-oòrùn!" ló ké.

Òkè dákẹ́.

"ỌMỌ ẸTU. NÍBO NI OÒRÙN TI Ń YỌ?"

"Mẹ́jọ!"

Òkè dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣubú. Ìmọ̀ wà lórí ìlà o, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, kò sí ọmọ kan tó ní ju ẹ̀rún kan lọ. Òógùn bo Àgbò nínú ọyẹ́. Kò sí ẹni tó kọjá lórí ìlà.

"ÀWẸ̀RÓ."

"Kò sí lára àwọn tí mo mú wá!" ni Àgbò ké.

"Èmi ni mo mú un wá," ni ìyá Àwẹ̀ró wí.

Àwẹ̀ró bọ́ síwájú. Àpáta náà ga lójú rẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni pé ó fẹ́ dà wó lù ú.

"ÀWẸ̀RÓ. NÍBO NI OMI ODÒ Ń LỌ?"

Ó rántí ọ̀rọ̀ ìlà: Ó ń lọ sínú òkun. Ó ti fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ẹ̀rù sì bà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta róbótó kan, ó yí i lọ sí ìdí òkè, ó sì ń kọrin jẹ́jẹ́. Kí ló ń kọ?

*Ọ̀nà jìn, ọ̀nà jìn —*
"*Rọra yí o!*"
*Má kánjú, má ṣubú —*
"*Rọra yí o!*"

Òkúta yí, yí, yí. Gbogbo ìlú ń wò ó. Nígbà tó fi kan àpáta, ko, ọkàn Àwẹ̀ró ti balẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin Òkè, ó ń lọ sínú òkun. Láti inú òkun, oòrùn á mú un gbóná, á gòkè. Á kan ìdérí ayé, á tutù, á di òjò. Á rọ̀ sí yín lórí, á gba ẹsẹ̀ yín sọ̀ kalẹ̀, á tún di odò. Kò lọ síbì kankan, Òkè. Ó ń yí ni."

Àpáta pín sí méjì.

Kò dún gbàgà. Ó là bí obì ṣe ń là, wẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tutù kan jáde láti inú rẹ̀, pẹ̀lú òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ọ̀nà là gbọọrọ.

Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Nínú eré wọn, ẹni tó bá dáhùn tán, òun ló kàn láti béèrè. Ó ti mọ́ ọn lára. Ó yíjú sí òkè, ó ní, "Ó wá kàn yín láti dáhùn."

Àgbò dojú bolẹ̀. "A gbé!"

"Èmi ló kàn láti béèrè, ẹ̀yin Òkè. Ọmọ tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, kí ló dé tí ẹ kì í pè é mọ́? Ṣé ẹni tí kò mọ̀ lánàá kò lè mọ̀ lọ́la ni? Ṣé ó dọ́gba?"

Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ débi pé wọ́n ń gbọ́ bí eruku ṣe ń balẹ̀.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Òkúta wẹ́wẹ́ ń yí bọ̀ láti òkè. Ìkùukùu ń mì bí aṣọ lójú afẹ́fẹ́. Omi tú jáde níbi tí kò sí omi tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn dojú bolẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ọmọ Ìgbín nìkan ló yọ orí jáde nínú igbá.

"Ẹ má... sá," ó ní. "Ó ń... rẹ́rìn-ín... ni."

Ẹ̀rín ni lóòótọ́! Òkè Oníbèérè ń rẹ́rìn-ín.

"LÁTI ÌGBÀ TÍ AYÉ TI DÁYÉ," ni òkè wí, "ÈMI NÌKAN NI MO Ń BÉÈRÈ. KÒ SÍ ẸNI TÓ BI MÍ NÍ NǸKAN RÍ. MO TI RÒ PÉ Ẹ KÒ FẸ́ MỌ̀ MÍ."

Ó tún wí pé, "ÌDÁHÙN MI RÈÉ. N KÒ ṢE ÒFIN KANKAN. ẸNI TÍ WỌ́N BÁ MÚ WÁ NI MÒ Ń PÈ. ÀWỌN TÍ Ẹ KÒ MÚ PADÀ WÁ, MO ṢÌ Ń RETÍ WỌN."

Àwọn ará Ìtòrò wo ara wọn. Ta ló wá ṣe òfin? Ta ló ń pa ilẹ̀kùn dé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tì í?

Òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó pe àgbẹ̀, ó pe ahunṣọ. Ó pe bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, bàbá náà ju ọ̀pá sílẹ̀, ó ní, "Ó ṣì mọ̀ mí!" Ó ní, "ÀBẸ̀BÍ," ìyá Àwẹ̀ró sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó wọ́ bo ojú, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ni òkè pe orúkọ kan tí gbogbo ojú fi yí padà.

"ÀGBÒ."

Àgbò kò lè dìde. "Ẹ má pè mí," ó ní. "Mo kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo àwọn tó mọ̀ ti kú."

"ÀGBÒ. KÍ LÓ FÀ Á TÍ ÒJÒ FI Ń RỌ̀?"

Àgbò fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó yá ló wí, pẹ̀lú ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, "N kò mọ̀ ọ́n."

Ilẹ̀kùn àpáta ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn Àwẹ̀ró. Ìmọ́lẹ̀ náà ń kàn án lẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ kan péré, òdìkejì nìyẹn, gbogbo ohun tó ń fẹ́. Ó wo ọ̀nà náà. Ó wo olùkọ́ rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku.

Ó rìn padà wá. "Ẹ bọ́ sí àárín, olùkọ́," ó ní.

"Ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín?"

"Rárá o, sà. Kò sẹ́ni tó ń jáde."

Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ jókòó. Ọmọ Ẹkùn jókòó tì í. Ọmọ Ẹtu, ọmọ baálẹ̀, ìyá Àwẹ̀ró, bàbá arúgbó yẹn, gbogbo wọn jókòó yíká, títí gbogbo Ìtòrò fi di agbo kan ṣoṣo ní ẹsẹ̀ òkè. Àgbò sì wà láàárín, ó ká ẹsẹ̀ kò bí ọmọ tuntun nílé ìwé.

Ọmọ Ìgbín yọ orí. "Ẹ fara... balẹ̀... olùkọ́," ó ní. "Kò sí... ìkánjú. A ó... dúró dè yín."

Òkè Oníbèérè náà dúró. Oòrùn wọ̀, àpáta kò padà pa dé, ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀ fún Àwẹ̀ró àti gbogbo wọn.

"Ìyá Àgbà," ni Kóyejọ wí, "ó wá kàn mí láti béèrè. Ẹsẹ̀ mélòó ni akàn ní?"

"Akàn kẹ̀? Ọbẹ̀ ni mo fi ń sè é, n kì í ka ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ bọ́ sí àárín! Ẹ bọ́ sí àárín!" ni gbogbo wọn ń pariwo.

"Ó dáa, ó dáa, mo ti bọ́ síbẹ̀. Ẹ ó kọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ mi. Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹ̀kọ́ tí a fi ìdùnnú kọ́ kì í sá lọ lọ́jọ́ ìdánwò. Ó kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ dán àwọn ọmọ wò, kí ó kọ́kọ́ kọ́ gbogbo wọn, kò gbọdọ̀ kọ́ orí kó fi ìrù sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lónìí, kì í ṣe pé kò ní mọ̀ mọ́ láéláé.

"Àlọ́ mi yí títí, ó yí dé ẹsẹ̀ yín, ó dúró. Bí mo bá parọ́, kí òkè pe orúkọ mi lọ́la kí ohùn mi má jáde. Bí n kò bá parọ́, kí àpáta là fún yín, kí ó là fún mi, kí ó má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni."

"Àṣẹ!"